Ẹ Bi Wá: Kí Ni Wọ́n Dẹ̀ fún Báǹkì Kéékèèké ní Amẹ́ríkà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Báǹkì kékeré kan ládùúgbò wa níbí ní Amẹ́ríkà ni mo ń kówó sí. Wọ́n ní ìjọba ti dẹ okùn òfin fún irú wọn. Ṣé kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ wọn mọ́ ni?

Ìdáhùn: Wọ́n ṣì ń ṣọ́ wọn. Ìwé kíkún àti ìṣirò ni wọ́n dín kù. Lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé dojú rú ní 2008, wọ́n gbé òfin Dodd-Frank, tó mú ìṣọ́ báǹkì le, jáde ní 2010, ẹrù rẹ̀ sì wọ àwọn kéékèèké lọ́rùn ju àwọn ńlá lọ. Báǹkì ńlá ní agbo amòfin tí yóò máa kún fọ́ọ̀mù. Ní báǹkì tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju ogún lọ, ẹni tó ń yá èèyàn lówó náà ni yóò tún jókòó ti fọ́ọ̀mù. Ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2018 ni wọ́n buwọ́ lu òfin tó dẹ̀ ẹ́.

Báǹkì tí ara rẹ̀ dá, tí dúkìá rẹ̀ kò tó bílíọ̀nù 3 dọ́là, oṣù 18 ló lè fi wà kí àwọn olùyẹ̀wéwò tó padà dé, dípò oṣù 12. Bílíọ̀nù 1 ni ààlà yìí tẹ́lẹ̀. Èyí tí tirẹ̀ kò tó bílíọ̀nù 5 lè kún ìròyìn ìṣúná tó kúrú ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún àti ní oṣù mẹ́ta ìkẹta. Lójú tiwa, oṣù 18 yẹn ló yẹ kéèyàn fojú sí jù, torí ẹ̀yáwó tó ti ń bàjẹ́ lè pẹ́ kó tó hàn síta.

Ìbéèrè: Òṣìṣẹ́ báǹkì kan sọ fún mi pé "9% làwa ń lò." Kí nìyẹn?

Ìdáhùn: Owó ara báǹkì fúnra rẹ̀, ìyẹn owó àwọn tó ni ín àti èrè tí wọn kò tíì pín, ni wọ́n ń fi wé àpapọ̀ dúkìá rẹ̀. Òfin 2018 ní kí àwọn aláṣẹ mú iye kan láàárín 8% sí 10%. Wọ́n mú 9%, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2020. Lábẹ́ ìlànà 2020 yẹn, báǹkì tí dúkìá rẹ̀ kò tó bílíọ̀nù 10 dọ́là, tó sì ní ju 9% lọ, lè bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò gígùn tí wọ́n fi ń wọn ewu oríṣi ẹ̀yáwó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kì í ṣe dandan o, ẹni tó bá wù ló ń wọ̀ ọ́.

Ibi tó ti ń yọ wọ́n lẹ́sẹ̀ rèé. Ká ní dúkìá báǹkì kan jẹ́ mílíọ̀nù 500, tí owó tirẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 47: 9.4% nìyẹn. Káwọn oníbàárà wá kó mílíọ̀nù 40 tuntun wọlé, kó sì dúró síbẹ̀. Dúkìá di 540, 9.4% wálẹ̀ sí 8.7%. Kò sẹ́ni tó jẹ gbèsè sá lọ, olè kò wọlé, síbẹ̀ báǹkì ti jábọ́ nínú ètò 9%! Ìlànà 2020 yẹn fún un ní oṣù mẹ́ta lọ́nà méjì kó fi tún ara rẹ̀ ṣe, bó bá ṣì ju 8% lọ. Nígbà Kòrónà tí owó ya wọ báǹkì, wọ́n sọ ọ́ di 8% ní 2020, 8.5% ní 2021, kó tó padà sí 9% ní 2022.

Ìbéèrè: Ṣé òfin 2018 yìí kọ́ ló pa Silicon Valley Bank, báǹkì California tó wó ní 2023?

Ìdáhùn: Ìyẹn kì í ṣe báǹkì kékeré. Dúkìá rẹ̀ tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 209 dọ́là ní ìparí 2022. Apá mìíràn nínú òfin náà ló kàn án, èyí tó gbé ààlà ìṣọ́ líle kúrò ní bílíọ̀nù 50 lọ sí 250. Ó kó owó oníbàárà sínú bọ́ǹdì ọlọ́jọ́ gígùn, ìyẹn ìwé ẹ̀yáwó tó ń mú èlé wọlé. Èlé gòkè, iye bọ́ǹdì já wálẹ̀, àwọn tó lówó níbẹ̀ bá sáré lọ gbà á. Ìjọba tì í pa ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta 2023. Àríyànjiyàn ò tíì tán lórí bóyá ìṣọ́ líle ì bá gbà á là, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ẹ̀sùn yẹn ru báǹkì àdúgbò.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí BankFind, ojúlé FDIC (àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dójú tòfò owó inú báǹkì), bóyá báǹkì yín wà lábẹ́ adójútòfò. 250,000 dọ́là ni wọ́n ń dá padà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní báǹkì kan. Àkáǹtì tí tọkọtaya jọ ni tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, 250,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ìròyìn ìṣúná báǹkì wà ní gbangba lórí ojúlé FFIEC, ìgbìmọ̀ àwọn àjọ tó ń ṣọ́ báǹkì. Ojú ìwé RC-R lẹ ó ti rí owó tirẹ̀.