Ìwé kíkà fún àwọn ọmọ kéékèèké ní Ìsánlú: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n wa, òkun o. Ọmọ Ìsánlú ni mí. Ìlú Winnipeg ní Kánádà ni èmi àti ọkọ mi ti ń tọ́ àwọn ìbejì wa. Nígbà tí a lọ sílé ní oṣù Kejìlá, mo ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ ọdún márùn-ún tí wọ́n ń bá wọn ṣeré lè fi orin kọ ABC láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n bí a bá fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ kan lára ògiri, kò sí èyí tó lè pè é. Ó ń wù mí láti dá ètò kan sílẹ̀ ládùúgbò wa, níbi tí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà àti àwọn òbí wọn yóò ti máa kàwé pọ̀. Àwọn ẹbí mi ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí n fi ṣe é, pé Yàgbà tí à ń sọ nílé kì í ṣe Yorùbá inú ìwé pàápàá. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣe irú rẹ̀ láti Leeds, kí ni ẹ rí sí i, ta sì ni kí n kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀?

Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, òkun o. Ibi tí ẹ dúró yìí gan-an ni èmi náà dúró ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, mo sì ṣi ẹsẹ̀ gbé níbẹ̀. Kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ni mo ti kó páálí ìwé Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin ránṣẹ́ sí Kàbà. Ìwé aláwòrán tó rẹwà ni wọ́n, àwọn ọmọ tèmi ti kà wọ́n gbó, ṣùgbọ́n yìnyín àti ọkọ̀ ojú irin ló kún inú wọn. Nígbà tí mo délé lẹ́yìn ọdún kan, mo bá mẹ́ta nínú páálí náà ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, téèpù tí mo fi lẹ̀ wọ́n kò tíì já. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ mí níbẹ̀. Èmi ni mo fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn tí n kò bi léèrè ohunkóhun.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra nǹkan kan, ẹ wá ìyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ní ọmọ kéékèèké, àti ìyá àgbà kan tó mọ àlọ́ í pa. Àwọn yẹn gan-an ni ètò náà. Olùkọ́ obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń darí tiwa. Iṣẹ́ èmi tí mo wà lókèèrè ni kí n máa wá owó, kí n sì máa gbọ́ bí ó ti ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìjókòó kan ṣe rí. Ìyá àgbà á pa àlọ́ ìjàpá ní Owé, èdè ìlú Kàbà, àwọn ọmọ á sì máa gbe orin rẹ̀. Lẹ́yìn náà, olùkọ́ á bi ọmọ kan pé kí ló ṣẹlẹ̀ nínú àlọ́ náà, ohun tí ọmọ bá sì sọ ni yóò kọ gàdàgbà sórí páálí, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yìn páálí ni yóò kọ ọ́ sí ní Yorùbá inú ìwé. Ọmọbìnrin kan wà tí bàbá rẹ̀ ń gun ọ̀pẹ. Ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn páálí tirẹ̀ ni pé, "Ìjàpá jí igbà bàbá mi." Olùkọ́ fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń kà á, ó sì ní kí ọmọ náà mú un lọ sílé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló wá béèrè pé èwo ni igbà nínú gbogbo rẹ̀, kí sì ni àmì tó wà lórí rẹ̀ ń ṣe. Olùkọ́ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin sísàlẹ̀ ara wọn, ó sì ń kọ wọ́n lórin: re-mí ni igbá tí a fi ń bu omi, re-re ni igba tí a fi ń ka iye, dò-dò ni ìgbà tó ń lọ, re-dò ni igbà tí bàbá rẹ fi ń gun ọ̀pẹ. Bàbá àti ọmọ jọ ń pè é tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ náà, bàbá yẹn kì í pa ìjókòó jẹ.

Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má bá ẹbí yín jà. Ẹ sọ fún wọn pé ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ọmọ tó bá ti mọ̀ ní èdè ìyá rẹ̀ pé àmì dúró fún ìró kò tún ní í kọ́ ìyẹn lẹ́ẹ̀kejì. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bákan náà, ẹ má gba olùkọ́ tí yóò máa sọ fún ọmọ pé Yàgbà ẹnu rẹ̀ kò dára, bí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ti wù kó pọ̀ tó. Ọmọ tí a bá ti pa lẹ́nu mọ́ kì í la ẹnu kàwé.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà tó ọba ìlú àti àwọn tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ létí, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá ti bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀. Gbọ̀ngán ìlú dára ju ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí lọ, kí ìdílé kankan má baà rò pé kì í ṣe tòun. Ẹ san owó fún olùkọ́ lóṣooṣù, bí ó ti wù kí ó kéré tó, kí ó má sì yẹ̀. Kí àgbà méjì máa wà pẹ̀lú àwọn ọmọ nígbà gbogbo, kí ẹ má sì gba fọ́tò ọmọ kankan sókèèrè láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ fọwọ́ sí i.

Ohun tó kù ni kajú. Láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, tọmọdé tàgbà ló ń lọ ṣa kajú lóko. Ní ọdún àkọ́kọ́ wa, ọmọ méjìdínlógún di mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àárẹ̀ sì mú olùkọ́. A wá gbé ìjókòó ọjọ́ Àbámẹ́ta lọ sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, a sì ní kí wọ́n máa ka èso kajú sínú garawa ní Yorùbá lóko, kí wọ́n wá ròyìn iye rẹ̀. Ó dára kí tiyín bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àsìkò yẹn. Olùkọ́ wa ti gbà pé kí ìyá tí ẹ bá yàn wá jókòó ti àwọn ní Kàbà fún ọjọ́ Àìkú méjì kí tiyín tó ṣí. Ẹ kàn sọ oṣù tó rọ̀ yín lọ́rùn fún mi.