Ẹ Bi Wá: Ìbéèrè Àwọn Ọmọdé Lórí Ẹranko Igbó

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi gbé alágẹmọ lé aṣọ pupa, ó ní yóò pọ́n. Dúdú ló dà. Ṣé ara rẹ̀ kò yá ni? Àwọn aládùúgbò sì ní ó lóró. — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Kétu*

Ẹ̀rù ló bà á, Ìyá wa. Alágẹmọ kì í wo aṣọ kó tó pa àwọ̀ dà. Ooru, ìmọ́lẹ̀ àti bí inú rẹ̀ ṣe rí ló ń yí i padà. Láàárọ̀ tí òtútù bá mú un, á mú ara rẹ̀ dúdú kí oòrùn lè tètè mú un gbóná. Tí inú bá bí i, á wú, á la ẹnu. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní Geneva yẹ awọ alágẹmọ Màdágásíkà kan wò. Wọ́n rí ègé tíntìntín tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà nínú rẹ̀: tí wọ́n bá sún mọ́ra, àwọ̀ ewé ló ń hàn; tí wọ́n bá jìnnà síra, ó di ìyeyè tàbí pupa.

Kò lóró rárá. Kí ọmọ yín fi í sílẹ̀ lórí ẹ̀ka, kó dúró ní mítà kan, kó sì fi tata kan sí iwájú rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ti mú díẹ̀. Kó máa wo ojú rẹ̀: ọ̀kan ń wo òkè, èkejì ń wo ẹ̀yìn, títí méjèèjì yóò fi dojú kọ tata náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà yẹn ni ahọ́n máa ń jáde, ó sì gùn ju ara rẹ̀ lọ tí a bá yọ ìrù kúrò. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e, ẹ na igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí iwájú rẹ̀ kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gùn ún. Bí ẹ bá fà á tu, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lè ṣèṣe.

*Bàbá àgbà ní òòrẹ̀ máa ń ta ẹ̀gún bí ọfà. Ibo ni ó lè ta á dé? — Akẹ́kọ̀ọ́ CM1, Ṣábẹ̀ẹ́*

Kò lè ta á rárá, ṣùgbọ́n má sọ fún Bàbá àgbà pé àwa la sọ ọ́. Òòrẹ̀ á kọ́kọ́ mi ìrù. Ẹ̀gún ibẹ̀ ṣófo nínú, ìdí nìyẹn tó fi ń dún ṣẹkẹṣẹkẹ. Tí ọ̀tá kò bá gbọ́ ìkìlọ̀, á fi ẹ̀yìn sáré lù ú, ẹ̀gún á sì ṣẹ́kù sí ara onítọ̀hún, nítorí wọn kì í pẹ́ tu. Bí ó bá gún ajá yín, kí àgbà fà á yọ ní títọ́, kó má gé e. Ti ojú tàbí ti àyà, dókítà ẹranko ló ni ín.

*Ṣé lóòótọ́ ni pé òkété kan gba àmì-ẹ̀yẹ? Òkété tí a ń jẹ! — Òǹkàwé, Àjàṣẹ́*

Òótọ́ ni. Magawa ni orúkọ rẹ̀, ẹ̀yà òkété ìhà gúúsù ni, ọmọ ìyá tiwa. Tànsáníà ni APOPO, àjọ tó ń kọ́ òkété láti wá bọ́ǹbù, ti tọ́ ọ, ó sì dé Kàm̀bódíà ní 2016, ibi tí bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nígbà ogun ṣì ń gé ẹsẹ̀ èèyàn. Ó rí bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ 71 àti ohun ìjà mìíràn 38 tí kò tíì bú. Ní oṣù kẹsàn-án 2020, PDSA, àjọ tó ń tọ́jú ẹranko ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi àmì-ẹ̀yẹ wúrà dá a lọ́lá, èkúté àkọ́kọ́ tó gbà á. Ó kú ní oṣù kìíní 2022.

Ìwọ̀n kílò kan àti díẹ̀ ni, nítorí náà bọ́ǹbù kò bú lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń wá irin a máa pariwo sí ìṣó àti agolo. Òkété, òórùn oògùn bọ́ǹbù nìkan ló ń wá. Ilẹ̀ tó tó pápá tẹ́nìsì, ìṣẹ́jú 30 ni Magawa fi ń tú u, nígbà tí ẹni tó gbé ẹ̀rọ lè lo ọjọ́ mẹ́rin.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọ? Wọ́n á tẹ ohun kékeré kan kó dún "kẹ́," wọ́n á sì fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, títí tí "kẹ́" yóò fi túmọ̀ sí oúnjẹ fún un. Lẹ́yìn náà, wọn kò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́ àfi tó bá gbọ́ òórùn náà. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni oòrùn: ẹran òru ni òkété, etí àti ìrù rẹ̀ a máa jó. Nítorí náà kùtùkùtù ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń fi ìpara pa á létí. Àwọn míràn nínú wọn ń gbọ́ òórùn ikọ́ ife nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ aláìsàn. Àwa tó ń sọ pé "òkété, báyìí ni ìwà rẹ," ìwà rẹ̀ mìíràn nìyẹn.

*Mo fi àwòrán kìnìún Pendjari, igbó ọba tó wà ní àríwá Benin, han àwọn ọmọ; kò ní gọ̀gọ̀. Àwọn ọmọ ní abo ni. — Olùkọ́, Ṣábẹ̀ẹ́*

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ akọ. Gọ̀gọ̀ akọ kìnìún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kì í pọ̀, ti ẹlòmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ẹ wo bí orí àti àyà rẹ̀ ṣe fẹ̀. Ìwádìí 2014 sọ pé àgbà kìnìún tó kù ní gbogbo ìhà wa kò tó 250, púpọ̀ nínú wọn sì wà láàárín Benin, Burkina Faso àti Niger.

*Ọmọ mi rí akika lóko, ó fẹ́ sìn ín. — Àgbẹ̀, Kétu*

Ẹ má jẹ́ kó sìn ín, Bàbá. Akika kò léyín; èèrà àti ikán nìkan ló ń fi ahọ́n lá. Nínú àgò, ìpayà kì í jẹ́ kó jẹun, ọ̀pọ̀ ń kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìpẹ́ rẹ̀, ohun kan náà tó di èékánná yín ni, kì í ṣe oògùn. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń bí lẹ́ẹ̀kan. Láti 2017 ni òfin àgbáyé sì ti ka títà rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn léèwọ̀.

Ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti rí i ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́bàá igi tó ní ihò. Bó bá ká jọ, ẹ má tú u. Ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ jìnnà. Kí ẹ sì wo ìdí ìrù rẹ̀ dáadáa ṣáájú, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ máa ń gùn sí.