Kọ̀ǹpútà Ló Ní Kí Wọ́n Má Yá Mi Lówó

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mò ń tà lọ́jà Gbági, n'Íbàdàn. Mo fi áàpù kan béèrè ẹ̀yáwó ₦150,000. Kó tó pé ìṣẹ́jú kan, èsì ti dé: mi ò kúnjú òṣùwọ̀n. Bẹ́ẹ̀, mi ò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹni tó gbé fóònù lọ́dọ̀ wọn ní kọ̀ǹpútà ló pinnu, pé kò sí lọ́wọ́ àwọn. Ṣé bí òfin ṣe wí nìyẹn? – Ìyá Aláṣọ

ÌDÁHÙN: Rárá, Ìyá wa. Abala 37 nínú Òfin Ìdáàbòbò Dátà (ìyẹn ìsọfúnni nípa ara ẹni) Nàìjíríà ti ọdún 2023 sọ pé èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ kí wọ́n má fi ẹ̀rọ nìkan ṣe ìpinnu tó kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Ó yọ ohun mẹ́ta sílẹ̀: bí àdéhùn bá nílò rẹ̀, bí òfin mìíràn bá fàyè gbà á, tàbí bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i. Ẹ̀yìn ìkẹta yìí ni àwọn ayánilówó máa ń sá sí, torí ẹ ti tẹ "Mo gbà" lọ́jọ́ tí ẹ ṣí áàpù náà. Ṣùgbọ́n kódà kí ẹ ti tẹ̀ ẹ́, ẹ ṣì lè ní kí èèyàn ẹlẹ́ran ara tún ọ̀rọ̀ yín wò, kí ẹ ro ẹjọ́ tẹnu yín, kí ẹ sì tako ìpinnu náà.

Kí ló máa ń ṣe ẹ̀rọ yìí? Kò mọ̀ yín rí. Àwọn tó ti yáwó ṣáájú ló ń fi yín wé. Ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, tó sì ń fi owó yẹn ra ọjà mìíràn láìgbé e dé báǹkì, aláìríṣẹ́ ni lójú rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ gbèsè àtijọ́ tí ẹ ti san tán, tí ẹni tó yá yín kò ní kí wọ́n pa á rẹ́ nínú àkọsílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ gba àkọsílẹ̀ gbèsè yín lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀, bíi CRC tàbí FirstCentral. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, ẹ fi rìsíìtì tí ẹ fi san owó náà tako ó. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ímeèlì sí ayánilówó náà. Ìpè fóònù kì í fi ẹ̀rí sílẹ̀. Àdírẹ́sì ẹni tó ń bójú tó dátà máa ń wà nínú ìlànà àṣírí (privacy policy) áàpù náà. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ béèrè owó àti nọ́ńbà fóònù tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀, kí ẹ wá bi wọ́n: dátà mi wo lẹ lò, níbo lẹ ti rí i, ṣé ẹ̀rọ nìkan ló pinnu? Kí ẹ ní kí èèyàn tún un yẹ̀ wò. Ẹ má fi PIN tàbí OTP sí i o. Kí ẹ tó yọ áàpù náà kúrò, ẹ ya àwòrán èsì tí wọ́n fún yín, torí bí ẹ bá ti yọ ọ́, ẹ lè máà rí i mọ́.

Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ bá NDPC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó òfin dátà yìí. Owó ìtanràn iléeṣẹ́ ńlá lè tó ₦10,000,000 tàbí ìdá 2 nínú 100 owó tó wọlé fún un lọ́dún tó ṣáájú, èyí tó bá pọ̀ jù. Àmọ́ kí n má tàn yín: òfin lè mú kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ yín gbé yẹ̀ wò, kò lè fipá mú wọn yá yín lówó.

ÌBÉÈRÈ: Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò. Bí ChatGPT, ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè, bá fún wa ní ẹjọ́ àtẹ̀yìnwá tí kò sí, ta ni ilé-ẹjọ́ máa mú? – Akọ̀wé, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN: Ẹni tó bu ọwọ́ lùwé. Ní New York lọ́dún 2023, nínú ẹjọ́ Mata àti Avianca, àwọn agbẹjọ́rò kó ẹjọ́ tí kò ṣẹlẹ̀ rí, tí ChatGPT fún wọn, síwájú Adájọ́ P. Kevin Castel. $5,000 ni owó ìtanràn tí wọ́n bù lé wọn. Èyí tó pa èèyàn lẹ́rìn-ín ni pé ọ̀kan nínú wọn ti bi ẹ̀rọ náà bóyá òótọ́ ni, ó ní òótọ́ ni! Ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe kó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ni ẹ̀rọ yìí ń tò. Bí ẹjọ́ ṣe máa ń rí lójú ìwé ló mọ̀. Ẹ má bi í léèrè nípa ara rẹ̀. Ẹ ṣí NWLR, ìwé tí wọ́n ń kó ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà jọ sí, fúnra yín, ẹ wo Part àti ojú ìwé, kí ẹ ka ibi tí adájọ́ ti sọ ohun tí ẹ fẹ́ tọ́ka sí. Ẹ má sì kọ orúkọ oníbàárà yín sínú ChatGPT.

ÌBÉÈRÈ: Ohùn ọmọ mi tó wà ní London ni mo gbọ́ lórí fóònù, ó ń sunkún pé kí n fi owó ránṣẹ́. Òun kọ́. Báwo ni mo ṣe máa dá a mọ̀ nígbà míì? – Bàbá Káyọ̀dé, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ẹ má fi etí dá a mọ̀ mọ́, Bàbá. Ohùn díẹ̀ láti inú fídíò tí ọmọ gbé sí Facebook ti tó fún ẹ̀rọ láti fara wé e. Ẹ pa fóònù náà, kí ẹ pe nọ́ńbà ọmọ yín tó ti wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀. Bí owó bá ti lọ, báǹkì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tó gbé e kúrò ní àkáǹtì tó wọ̀. Ọlọ́pàá lè tẹ̀ lé e. Kí ẹ sì fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kan tí ẹbí nìkan mọ̀. Ìgbà tí ọmọ bá wálé ni kí ẹ sọ ọ́, ẹ má kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp.