Wákàtí tí wọn kì í kà

Àbúrò mi, o ní ọ̀gá ẹ sọ pé torí pé ọkùnrin tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń pẹ́ ní ọ́fíìsì ni owó rẹ̀ fi ju tìẹ lọ, o wá ń béèrè bóyá o lẹ́nu ọ̀rọ̀. O ní in. Ojú tèmi náà rí i.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe akọ̀wé ìṣirò owó nílé iṣẹ́ kan ní Abẹ́òkúta níbí. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n gba èmi àti ọkùnrin kan, owó wa ò sì fi kọ́bọ̀ jura. Àfi ìgbà tí mo bí àkọ́bí mi. Tí oṣù bá ń parí, òun á dúró di aago mẹ́jọ alẹ́, èmi á ti máa sáré wá ọkọ̀ ní Kútọ̀ láago márùn-ún kí wọ́n má baà ti ilé ìwé mọ́ ọmọ mi. Nígbà tó di ọdún kẹta, owó rẹ̀ ti já tèmi sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo ń jí. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé kí òun tó délé, omi ìwẹ̀ òun ti gbóná, àmàlà ti wà nílẹ̀. Wákàtí ìyàwó rẹ̀ ló fi ń ra èyí tí wọ́n ń sanwó fún un.

Claudia Goldin, ará Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ọrọ̀ ajé lọ́dún 2023, fi hàn pé ìgbà tí àkọ́bí bá dé ni àlàfo tó wà láàárín owó ọkùnrin àti ti obìnrin máa ń fẹ̀ jù.

Èyí tó dùn mí jù ni ìsinmi ọmọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni wọ́n fún mi, láìsan kọ́bọ̀. Mi ò mọ̀ pé abala 54 nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ 12, àti ó kéré tán ìdajì owó oṣù rẹ̀ bí ó bá ti lo tó oṣù mẹ́fà níbi iṣẹ́, pẹ̀lú ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fọ́mọ lọ́mú.

Mo ra ìwé kékeré kan. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń kọ iṣẹ́ tí mo bá parí àti aago tí mo parí rẹ̀. Mo gbé e síwájú ọ̀gá. Kò fèsì lọ́sẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ó fi owó kún tèmi lóṣù kejì. Kò tó ti ọkùnrin yẹn, àmọ́ kò tún sọ pé mi ò ṣiṣẹ́ tó mọ́.

Ra ìwé tìẹ. Kó o tó wọlé tọ ọ̀gá ẹ, bi ọkọ ẹ léèrè ọjọ́ tí yóò máa lọ mú ọmọ láago márùn-ún. Èmi pẹ́ kí n tó béèrè. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ lọkọ mi mú.