Ṣé bakitéríà ni kì í jẹ́ kí oògùn nẹ́ẹ̀tì ran ẹ̀fọn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Abẹ́ nẹ́ẹ̀tì olóògùn ni èmi àti àwọn ọmọ mi ń sùn sí. Láìpẹ́ yìí, mo rí i pé ẹ̀fọn á bà lé e, á sinmi, á sì fò lọ bí ẹni pé kò sí oògùn lára rẹ̀. Ọmọbìnrin mi tó wà ní yunifásítì sọ pé bakitéríà inú ikùn ẹ̀fọn ló ń jẹ oògùn náà. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kí n fi nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kí n máa fín ọ̀tápíápíá nìkan? (Ìyá Ayọ̀mídé, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, Ìyá Ayọ̀mídé. Ẹ bá mi kí ọmọ yín, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kù díẹ̀ kí a tó lè fọwọ́ sọ̀yà nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ti ibi tó dá wa lójú bẹ̀rẹ̀. Pyrethroid ni oògùn tó wà lára ọ̀pọ̀ jù lọ nẹ́ẹ̀tì wa, iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára nínú ara ẹ̀fọn ló sì máa ń kọlù. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ojúkò tí oògùn náà ti ń di iṣan yìí mú ti yí padà lára ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn Anopheles, bí ìgbà tí onílé bá pààrọ̀ àgádágodo tí kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ kò sì wọ̀ ọ́ mọ́. Àwọn mìíràn ń pèsè ẹ́ńsáìmù tó ń fọ́ oògùn náà sí wẹ́wẹ́. Àjogúnbá ni èyí: ẹ̀fọn tí oògùn bá pa kò bímọ mọ́, èyí tó yè ló ń yé ẹyin.

Ti bakitéríà yàtọ̀. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ ní Japan ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí lára kòkòrò kan tó ń fa omi ara ẹ̀wà sóyà mu. Níbi tí wọ́n bá ti ń fín oògùn apakòkòrò kan tó ń jẹ́ fenitrothion lemọ́lemọ́, bakitéríà kan tó ń jẹ́ Burkholderia, tó lè fi oògùn náà ṣe oúnjẹ, á pọ̀ nínú erùpẹ̀; ọmọ kòkòrò á gbé e mì, á wọ inú ìfun rẹ̀, oògùn náà á sì ṣòro láti pa á. Kò jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Inú ilẹ̀ ló ti rí i. Èyí gba oorun lójú àwa tí à ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀fọn, nítorí pé ohun tí à ń rò pé ó gba ìran púpọ̀ lè ṣẹlẹ̀ láàárín ìran kan ṣoṣo.

Lórí ẹ̀fọn fúnra rẹ̀, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 2018 nípa Anopheles albimanus, ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri ní Látìn Amẹ́ríkà. Wọ́n fi fenitrothion dán wọn wò, wọ́n sì fi bakitéríà inú àwọn tó yè wé ti àwọn tó kú. Bakitéríà tó lè fọ́ irú oògùn yẹn pọ̀ nínú àwọn tó yè ju ti àwọn tó kú lọ.

Ẹ kíyè sí i pé n kò sọ pé bakitéríà ló gbà wọ́n là. Ó lè jẹ́ pé òun nìkan ló rí ara gba oògùn náà sí, láìṣe ẹ̀fọn ní àǹfààní kankan. Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyí: a ó po oògùn tó ń pa bakitéríà mọ́ omi ṣúgà tí ẹ̀fọn ń mu, títí inú wọn á fi mọ́. Lẹ́yìn náà, a ó kó nǹkan bí 25 abo ẹ̀fọn sínú ike gbọọrọ tí a fi bébà olóògùn tẹ́ inú rẹ̀. Wọn á lo wákàtí kan níbẹ̀, a ó kó wọn jáde, a ó sì ka òkú wọn lẹ́yìn wákàtí 24. Bí iye tó kú kò bá tó 90 nínú 100, oògùn náà kò ràn wọ́n mọ́ nìyẹn. A ó wá dá bakitéríà padà sínú àwọn mìíràn, kí a wò ó bóyá agbára náà bá a padà.

Lójú tèmi, àkùrọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá jù. Àwọn onímọ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin ti fi hàn pé oògùn tí àwọn olóko òwú àti ẹ̀fọ́ ń fín wà lára ohun tó ń mú kí oògùn má ran ẹ̀fọn mọ́. Bakitéríà inú omi sì wà lára oúnjẹ tanwíji. Bí oògùn bá ṣàn láti orí ebè tẹ̀tẹ̀ wọ inú ojú ẹsẹ̀ tí omi dúró sí, bakitéríà àti tanwíji tó ń jẹ ẹ́ jọ ń mu ún ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Bí oògùn rẹ̀ kò tilẹ̀ pa ẹ̀fọn mọ́, kò ní jẹ́ kó kàn yín lára bí kò bá ti ya. Dichlorvos ló máa ń wà nínú ọ̀tápíápíá. Ó léwu fún ọmọdé tó bá ń fà á símú, ẹbí kan náà sì ni òun àti fenitrothion tí àwọn bakitéríà wọ̀nyẹn ń jẹ.

Lálẹ́ òní, ẹ wo lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n rán mọ́ etí nẹ́ẹ̀tì yín. Láti ọdún 2023 ni àjọ WHO ti ń dámọ̀ràn èyí tó ní chlorfenapyr pẹ̀lú pyrethroid. Chlorfenapyr kì í pa ẹ̀fọn lójú ẹsẹ̀. Irú ẹ́ńsáìmù tí ẹ̀fọn fi ń fọ́ pyrethroid ló ń sọ ọ́ di májèlé nínú ara rẹ̀. Bí ẹ bá rí orúkọ yẹn níbẹ̀, ẹ̀fọn tó sinmi lójú yín tó sì fò lọ lè kú síbòmíràn kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé.