Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ta ni Kí Àgbẹ̀ Òṣogbo Bi Nípa Ilẹ̀ Tó Ti Ṣá?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi fi ilẹ̀ éékà mẹ́ta sílẹ̀ fún mi lọ́nà Ìkìrun. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni a ti ń gbìn síbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, a kì í sì í fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ kó sinmi mọ́. Ní báyìí, ẹ̀gẹ́ kò ta dáadáa, ẹ̀kan sì ti gba ìdajì oko. Ẹni tó ń ta oògùn oko fún mi ní kí n fi ajílẹ̀ òyìnbó kún un, kí n sì máa fín oògùn koríko. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ yìí ṣì wúlò fún àwọn ọmọ mi. Ta ni mo lè bi? — Ìyá Alẹ́gẹ̀ẹ́, Òkè-Fíà, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ oko. A kò sọ pé ẹni tó ń ta oògùn fún yín ń tàn yín jẹ, ṣùgbọ́n ọjà tó ń tà ló fi ń jẹun, ó sì ṣòro kí ó sọ fún yín pé kí ẹ má rà á. Ẹni tí kò ní nǹkan kan láti tà fún yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà nítòsí. Àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀, tí gbogbo àgbẹ̀ mọ̀ sí OSSADEP, ní olú ilé iṣẹ́ ní Ìwó, ó sì pín ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sí ẹkùn mẹ́ta: Ìwó, Òṣogbo, àti Ifẹ̀-Ìjẹ̀ṣà. Iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn tó ń wọ oko ni láti gbé ohun tí àwọn olùwádìí bá rí wá fún àgbẹ̀, kí wọ́n sì gbé ìṣòro àgbẹ̀ padà lọ fún àwọn olùwádìí. A kò ní fi pa mọ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ náà kéré níye púpọ̀ sí àwọn àgbẹ̀ tó nílò wọn, nítorí náà ẹni tó bá jókòó sílé tó ń retí wọn lè retí títí. Ẹ bá àwọn tí oko wọn jọ pààlà sọ̀rọ̀, kí ẹ lọ ní ẹgbẹ́, nítorí ó yá òṣìṣẹ́ kan lára láti wá bá ogún àgbẹ̀ lójú oko kan ju kí ó wá bá ẹnì kan lọ. Bí ẹ bá ti wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tẹ́lẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́ náà ni kí ẹ fi kọ lẹ́tà.

Kí ẹ tó ra àpò ajílẹ̀ kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ilẹ̀ náà wò. Ilé iṣẹ́ ìwádìí IAR&T ní Moor Plantation, Ìbàdàn, tó wà lábẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní àwọn onímọ̀ ilẹ̀, yunifásítì fúnra rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ sì ní wọn pẹ̀lú; ẹ béèrè iye owó wọn kí ẹ tó gbéra. Bí ẹ ṣe bu erùpẹ̀ náà ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ẹ máa rìn kọrọkọ̀rọ̀ káàkiri oko, kí ẹ bù ú ní ibi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún, kí ó jìn tó ogún sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ pò gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú ike tó mọ́, kí ẹ sá a níbòji, kí ẹ wá mú díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ. Ẹ má bù ú níbi tí a ti sun koríko rí, ẹ má sì bù ú nídìí ààtàn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe kó o sínú àpò ajílẹ̀ òfìfo, nítorí ìyókù ajílẹ̀ inú àpò yóò mú kí àyẹ̀wò náà parọ́.

Ní ti ẹ̀kan, oògùn fífín nìkan kọ́ ló ń ṣẹ́gun rẹ̀. Ẹ̀kan kò fẹ́ràn ìbòji. Láti nǹkan bí òpin àwọn ọdún 1980 ni àwọn àgbẹ̀ gúúsù orílẹ̀-èdè Benin, tó múlé tì wá, ti ń gbin mucuna bò ó mọ́lẹ̀. Ìbátan wèrèpè ni mucuna, ṣùgbọ́n irú èyí tí wọ́n ń gbìn kì í yúnni lára. Ó máa ń ta bo ilẹ̀ pátápátá, ewé rẹ̀ máa ń jẹrà sínú ilẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń fún ilẹ̀ ní naitrójìn. Èso rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀wà jíjẹ o, ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé. Ìnira tó wà níbẹ̀ ni pé ibi tí ẹ bá gbìn ín sí kò ní mú oúnjẹ wá ní sáà náà, nítorí náà éékà kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa jẹ lórí méjì yòókù. IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí mucuna àti lórí ẹ̀gẹ́. Bí ọmọ yín bá ní fóònù tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó wá AKILIMO, ètò orí fóònù kan tó ń gba alẹ́gẹ̀ẹ́ nímọ̀ràn lórí ìgbà tó yẹ kó gbìn àti irú ajílẹ̀ tó yẹ kó lò.

Ìgbẹ́ adìyẹ náà dára, àwọn tó ń sin adìyẹ ní àyíká Òṣogbo sì máa ń wá ẹni tí yóò kó o kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ẹ kó o jọ kó jẹrà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó lò ó, torí pé tútù rẹ̀ máa ń jó irúgbìn.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òótọ́ ni pé ìjọba ti fòfin de paraquat, oògùn koríko tí à ń fín sóko? Mo ṣì ń rí i rà. — Bàbá Àgbẹ̀, Kélébe.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, Bàbá. NAFDAC fòfin dè é láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n sì fòfin de atrazine, oògùn koríko mìíràn, ní oṣù kìíní ọdún 2025. Pé ẹ rí i rà kò sọ ọ́ di ohun tó bófin mu. Paraquat tí ènìyàn bá gbé mì, kódà díẹ̀, lè pa á, kò sì sí oògùn tó ń pa oró rẹ̀. Bí ẹ bá ṣì ní in nílé, ẹ má rọ ọ́ sínú ìgò ohun mímu.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí. Ẹnì kan ní kí n san owó fọ́ọ̀mù kí n lè rí owó ìrànwọ́ àgbẹ̀ gbà lọ́wọ́ ìjọba. Ṣé kí n san án? — Ọ̀dọ́ kan, Ìgbọ̀nà.

ÌDÁHÙN: Má tíì san kọ́bọ̀. Lọ sí ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ní sẹkitéríàtì ìpínlẹ̀, lọ́nà Gbọ̀ngán, kí o béèrè bóyá ètò náà wà àti bóyá wọ́n ń gba owó fọ́ọ̀mù. Bí ẹni náà bá ń kánjú, tó ní kí o sanwó sínú àpò ìfowópamọ́ ara rẹ̀, ìdáhùn rẹ ti dé nìyẹn.

Lójú tiwa, ẹ̀kọ́ ni kí o kọ́kọ́ wá, owó á tẹ̀lé e. Ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ ti Leventis Foundation ní Ìléṣà ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ àgbẹ̀ tí kì í ba ilẹ̀ jẹ́, fún ọdún kan, lójú oko gan-an. Lọ wo ibẹ̀ fúnra rẹ, kí o bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀, kí o sì béèrè ìgbà tí wọ́n ń gba ọmọ tuntun.