Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Èéṣe Tí Bàálù Ìkẹjà sí Àkúrẹ́ Fi Ń Pẹ́ Tó Bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ń gbé, ọmọ mi sì ń kàwé ní Àkúrẹ́. Wọ́n ní bàálù ńlá ń sá 800 kìlómítà ní wákàtí kan. Kí ló wá dé tí tíkẹ́ẹ̀tì Èkó sí Àkúrẹ́ fi ń sọ nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 sí 50? Báwo ni ọ̀nà náà ṣe jìn tó gan-an? Ṣé ó sì yẹ kí n máa wọ bàálù lọ?

Ìdáhùn: A kí yín o. Ẹ̀yin fúnra yín lè wọn ọ̀nà náà lórí fóònù. Bí ẹ bá tẹ pápákọ̀ òfuurufú kan mọ́lẹ̀ lórí máàpù, nọ́mbà méjì ni yóò jáde: àkọ́kọ́ ń sọ bí ibẹ̀ ṣe lọ sí àríwá tó, èkejì ń sọ bó ṣe lọ sí ìlà-oòrùn tó. Ti Ìkẹjà jẹ́ 6.58 àti 3.32, ti Àkúrẹ́ jẹ́ 7.25 àti 5.30. Ẹ yọ wọ́n kúrò lára ara wọn, 0.67 àti 1.98 ló kù. Ẹ fi 111, iye kìlómítà tó wà nínú dígírì kan sí àríwá, sọ àkọ́kọ́ di púpọ̀, ó di 74. Ẹ fi 110, iye ti dígírì kan sí ìlà-oòrùn lágbègbè wa, sọ èkejì di púpọ̀, ó di 218. Ẹ wá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ ro méjèèjì pọ̀, kí ẹ tẹ àmì √. 230 kìlómítà ni, gbọnrangandan bí okùn tí a nà.

Ẹ fi 800 pín in, ẹ fi 60 sọ ọ́ di púpọ̀ kó lè di ìṣẹ́jú: ìṣẹ́jú 17 péré! Ibẹ̀ gan-an ni ìṣirò ti ń tan èèyàn. Àkókò orí tíkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí bàálù bá ṣí kúrò níbi tó gúnlẹ̀ sí, títí yóò fi dúró pátápátá níbi tó ń lọ. Ní Ìkẹjà, ó lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá rìn nílẹ̀, kó tún tò sẹ́yìn àwọn mìíràn. Atẹ́gùn òkun ló sábà ń fẹ́ níbẹ̀, bàálù sì gbọ́dọ̀ kọjú sí atẹ́gùn kó tó gbéra. Nítorí náà, gúúsù ló máa ń dojú kọ ná, kó tó ṣẹ́rí sọ́nà Àkúrẹ́. Bí kò bá tíì ga tó 10,000 ẹsẹ̀ bàtà, kì í sá ju nǹkan bí 460 kìlómítà ní wákàtí kan. Ìgbà tó bá gòkè tán, ó ti kù díẹ̀ kó máa sọ̀.

Nítorí náà, ẹ fi 800 pín ọ̀nà, ẹ sọ ọ́ di ìṣẹ́jú bíi ti ìṣáájú, kí ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lé e. Àkúrẹ́ di ìṣẹ́jú 47. Àbújá tó jìn ní nǹkan bí 510 kìlómítà sí Ìkẹjà di 68. Bó bá jẹ́ bàálù kékeré tó ní abẹ̀bẹ̀ lára ìyẹ́, 500 ni kí ẹ fi pín.

Ní tiyín, ẹ má wọ bàálù lọ Àkúrẹ́. Ìkẹjà fi nǹkan bí 70 kìlómítà wà ní ìwọ̀-oòrùn Ìjẹ̀bú-Òde, ìlà-oòrùn sì ni Àkúrẹ́ wà: ẹ̀yìn lẹ ń padà sí. Ẹ ka súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Bẹ́ẹ́gà mọ́ ọn, àti wákàtí kan àbọ̀ tó yẹ kí ẹ fi ṣáájú bàálù. Ẹni tó gba Orè lọ ní àárọ̀ kan náà lè ti kọjá Oǹdó kí tiyín tó gbéra.

Ti Àbújá yàtọ̀. Bàálù ló yẹ ẹ́. Àmọ́ kí ẹ tó forí lé Ìkẹjà, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá bàálù wà lọ́jọ́ náà ní pápákọ̀ tó wà láàárín Ìlíṣàn àti Ìpẹ̀rù ní Rẹ́mọ. Bó bá sì jẹ́ ìgbà ọyẹ́, ẹ má fi ìpàdé kankan sí àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń rìnrìn-àjò, torí bí eruku bá bo ojú pápá, bàálù yóò dúró títí yóò fi mọ́ kedere.